Òrùlé Tó Dènà Òfurufú

Ẹ wá ibì kan fìdí lé, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ sì gbé fóònù yín sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Ọ̀mọ̀wé Ọláṣùpọ̀ Fáṣínà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹni tó bá dúró gbọ́ ọ, ẹ̀rín lè gbé e ṣubú. Bó bá sì ṣubú, wàhálà mìíràn tún dé nìyẹn, nítorí a ó ní láti jókòó pinnu bóyá ilẹ̀ ló fà á ni tàbí òfurufú ló tì í. Orí ìbéèrè yẹn gan-an ni ayé Ọ̀mọ̀wé ti dàrú.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, Fáṣínà ni alága Àjọ Ìgbélárugẹ Ọjà, àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kétu lẹ́yìn ìbò, kí àwọn tó pariwo jù nígbà ìpolongo lè ríbi jókòó sí. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti máa tún àwọn ọjà kéékèèké ṣe, kí wọ́n máa kó pàǹtí, kí wọ́n sì máa la gọ́tà. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gọ́tà létí Fáṣínà? Ènìyàn gíga ni. Ikùn rẹ̀ a máa ṣíwájú rẹ̀ wọlé, agbádá rẹ̀ a sì máa wọlé lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti jókòó tán. Oyè ọ̀mọ̀wé tó ń jẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ló fi dá a lọ́lá, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ọgbà, tí kò ní ògiri, tí kò sì ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan yàtọ̀ sí àwọn tó ń gba oyè. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pè é ní "Ọ̀gá" lásán yóò tún un pè. Ìránṣẹ́ kan ṣèèṣì kí i pé "Daddy, ẹ káàárọ̀, sà". Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka àwọn agbálẹ̀.

Bí Ọ̀mọ̀wé bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, Mùtíù akọ̀wé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dìde. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni Mùtíù, ìdọ̀bálẹ̀ ti jẹ́ kí àyà gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ ṣá.

"Ẹ dákẹ́!" ni yóò ké. "Ọpọlọ fẹ́ sọ̀rọ̀!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa bí ẹ bá ń kà á. Ọpọlọ ló wí, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn máa ń gbọ́ èkejì.

Ọ̀rọ̀ òòfà ilẹ̀ ti wà lọ́kàn Fáṣínà láti kékeré bí ẹ̀gún. Nígbà tó wà ní ilé-ìwé girama, olùkọ́ físíìsì bi wọ́n nínú ìdánwò pé kí ló ń mú kí òkúta tí a bá jù sókè padà wá sílẹ̀. Ọláṣùpọ̀ ronú títí, ó wá kọ ọ́ pé: "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni." Olùkọ́ ka ìdáhùn náà sókè. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí agogo fi dún. Ó dàgbà, ó sanra, ó di alága, ẹ̀rín náà kò kúrò létí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ awò ojú dúdú nínú ilé ti ń sọ pé irọ́ ni òòfà ilẹ̀, pé ṣe ni wọ́n fi ń tan gbogbo ayé, Fáṣínà wò ó, ó tún un wò, omi sì lé sí i lójú. Ó ti ń fura! Láti ìgbà yẹn ló ti ń fura!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú dòdò kan nínú àwo rẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Dòdò bọ́ sílẹ̀.

"Catherine," ó pe ìyàwó rẹ̀, "kí ló gbé dòdò yẹn délẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Daddy. Ẹ̀yin náà lẹ sì máa ṣà á."

"Òyìnbó ní ilẹ̀ ló fà á. Ṣé o rí ọwọ́ ilẹ̀? Ṣé o rí okùn tó so mọ́ ọn? Gbọ́ mi. Òfurufú kún fún nǹkan wínníwínní kan tí ojú kò lè rí. Wọ́n ń ti gbogbo nǹkan láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wa nípọn, ó dènà àwọn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn ti òkè nìkan ló wá ń rí wa tì. Ìdí tí a fi wúwo nìyẹn! Bí a bá wá fi nǹkan tó nípọn bo orí wa, àwọn ti òkè náà kò ní ráyè mọ́. A ó fúyẹ́ bí òwú!"

Catherine rọra bu tíì sínú ife rẹ̀. "Yàrá wa ní òrùlé," ó ní. "Ó tún ní àjà. Kí ló wá dé tí bẹ́ẹ̀dì fi ṣẹ́ lábẹ́ yín nígbà ọdún?"

Fáṣínà ronú díẹ̀. "Páànù yẹn ló fẹ́lẹ́," ó dáhùn, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

Ẹ wò ó, níbi tí ẹlòmíràn ì bá ti rẹ́rìn-ín kí ó sì jẹ ìyókù dòdò rẹ̀, ibẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé ti rí iṣẹ́ ìlú ṣe.

Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Mùtíù ké pé ọpọlọ fẹ́ sọ̀rọ̀. Fáṣínà dìde, ó gbá agbádá sókè lápá ọ̀tún, ó gbá a sókè lápá òsì.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó ní, "ayé ti pín sí ọ̀nà méjì: ìgbà tó ṣáájú òwúrọ̀ yìí, àti ìgbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń wúwo láìnídìí. Alábàárù ru ẹrù, ọrùn rẹ̀ wọnú èjìká. Ìyá arúgbó fẹ́ dìde lórí àpótí, ó di kí wọ́n fà á lọ́wọ́. Kí ni àwọn tó ṣáájú mi ṣe sí i? Wọ́n ní ilẹ̀ ni! Wọ́n ní bó ṣe wà nìyẹn! Èmi, Ọláṣùpọ̀ Fáṣínà, mo kọ̀! Láti Kétu títí dé Mile 12, mo fi òfin de ìwúwo!"

Àtẹ́wọ́ bú jáde. Mùtíù fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀, ó sì di ògiri mú bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé lọ. "Ẹ̀yin ará," ó ké, "ó ku díẹ̀ kí n má padà wálẹ̀ mọ́!"

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣọlá, ẹnjiníà kan ṣoṣo tí àjọ náà ní, na ọwọ́ sókè. "Ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé a ti dán an wò?"

Fáṣínà wò ó pẹ̀lú àánú ńlá. "Ọmọ mi," ó ní, "ohun tó bá jẹ́ òótọ́, kí là ń dán an wò sí?" Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ṣọlá fi di ẹni tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ ọjà, àjọ náà kò sì ní ẹnjiníà kankan mọ́.

Ọjà Kájọlà, ọjà tòmátì kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí Mile 12 ti fẹ́ parí, ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Owódé Onírin, wọ́n kó irin pẹlẹbẹ wá: ara àgbá, ìlẹ̀kùn kọ̀ǹténà, ilẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dógùn-ún. Àwọn wẹ́dà jó o mọ́ra wọn, wọ́n sì gbé e lé orí àwọn òpó tí wọ́n ti rà sílẹ̀ fún ìbòrí páànù lásán. Fáṣínà wá wò ó, ó dúró sábẹ́ rẹ̀, ó pa ojú dé.

"Mo ṣì ń gbúròó àwọn ti òkè," ó ní. "Wọ́n ń yọ́ gba inú rẹ̀ wọlé. Ẹ kó òmíràn lé e."

Wọ́n kó òmíràn lé e. Ó tún dé, ó tún pa ojú dé, wọ́n tún kó òmíràn lé e. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn òpó tó wà láàárín bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Fáṣínà rí i. Ó na ìka sí i. "Mùtíù, kí ló ṣe òpó yẹn?"

Mùtíù wo òpó, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. "Ó ń kí yín ni, Ọ̀mọ̀wé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí lára ènìyàn kí irin dọ̀bálẹ̀ fún un? Fáṣínà mi orí, ó sì fi ọwọ́ gbá òpó náà bí ẹni ń gbá èjìká ọmọ tó mọ ìkíni.

Ìdánwò kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe, Mùtíù ló ṣe é. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò àlùbọ́sà síta gbangba. Mùtíù gùn ún nínú oòrùn pẹ̀lú agbádá aláwẹ́ mẹ́ta, fìlà, bàtà aláwọ àti ìdì kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Wọ́n ké ìwọ̀n rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé òṣùwọ̀n wọ abẹ́ irin, Mùtíù sì tún gùn ún pẹ̀lú ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ wà! Ìyàtọ̀ ńlá! Àwọn òṣìṣẹ́ dì mọ́ra wọn. Fáṣínà náà ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára bàtà aláwọ tó dúró nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tí ìdì kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí ibòmíràn, ó sì pàtẹ́wọ́ sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni yí padà ní ọjà Kájọlà. Ẹni tó bá wọ abẹ́ Ìbòrí Ìfúyẹ́, orúkọ tí wọ́n sọ òrùlé náà nìyẹn, yóò ní: "A ti fúyẹ́ o!" Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ yóò dáhùn pé: "Ẹ máa fúyẹ́ lọ!" Gbogbo wọn ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Akápò àjọ so okùn mọ́ ìbàdí, ó so ìkángun kejì rẹ̀ mọ́ òpó, ó ní òun ní ọmọ nílé, òun kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé òun lọ. Fáṣínà gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e sí ipò tó ga. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ló so okùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti oúnjẹ ọmọ aráàlú rèé. Fáṣínà wo àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí wọ́n tẹ́ káàkiri ilẹ̀, ó sì rí i pé ààyè ń ṣòfò. Nígbà tí tòmátì kò bá wúwo mọ́, kí ló dé tí wọn kò fi lè to apẹ̀rẹ̀ lé ara wọn títí kan irin òkè? Ààyè tó bá ṣẹ́kù, wọn yóò fi kọ́ gbọ̀ngàn kan tí àwòrán òun yóò wà nínú rẹ̀. Ó pàṣẹ. Ẹni tí kò bá to tirẹ̀ sókè, kí ó kó kúrò nínú ọjà.

Alhaja Ajarat ni olórí àwọn alátòmátì. Ẹ má rò pé obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni mo fẹ́ gbé wá fún yín o. Alhaja sanra, ó fẹ́ràn góòlù, ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yà fún un lọ́nà, bó bá sì pariwo ní Kájọlà, wọ́n á gbọ́ ọ ní Ìkosì. Òun àti Ọ̀mọ̀wé jọra ju bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe fẹ́ gbà lọ. Ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀mọ̀wé láìkan ìlẹ̀kùn.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, èmi ò bá yín jà lórí òfurufú. Ẹ bá ara yín sọ ọ́, ẹ̀yin àti òun. Tòmátì mi ni mo bá wá."

"Alhaja, tòmátì yín ti kúrò lábẹ́ àṣẹ ìwúwo."

"Ṣé ó ti gbọ́? Torí pé èyí tí wọ́n tò láná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ọbẹ̀."

"Kò tíì mọ́ wọn lára ni!" Fáṣínà dìde. "Nǹkan tuntun ni. Tòmátì náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fúyẹ́."

Alhaja wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yẹn, ẹlòmíràn, apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo yẹn náà ni gbogbo ọjà ẹ̀. Bó bá bàjẹ́, ilé ìwé ọmọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ. Mo bẹ̀ yín." Obìnrin yìí kì í bẹ ènìyàn.

Bí Fáṣínà bá ti rẹ́rìn-ín ní wákàtí yẹn, bó bá ti ní "Alhaja, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀," ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀, èmi náà ì bá sì ti wá nǹkan mìíràn sọ fún yín. Ṣùgbọ́n Mùtíù wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn Mùtíù, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ọkàn yín ló wúwo!" ó sán bí àrá. "Ẹ kó kúrò lábẹ́ Ìbòrí mi! Ẹ lọ máa wúwo nínú oòrùn!"

"Ó dáa," ni Alhaja Ajarat wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síta, sẹ́bàá gọ́tà, ó fi agboòrùn bò wọ́n, ó jókòó tì wọ́n. Àwọn yòókù, tí wọn kò ní agbára rẹ̀, to tiwọn sókè.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ayẹyẹ ṣí Ìbòrí náà pé. Wọ́n ti fi aṣọ funfun we àwọn òpó kí ìtẹ̀ wọn má bàa hàn. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ga lọ́tùn-ún, ó ga lósì, ó ga lẹ́yìn ibi tí wọ́n pèsè fún àwọn ènìyàn pàtàkì, bí ògiri pupa. Àlejò pàtàkì kan tó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba wọ lẹ́ẹ̀sì funfun gbòò, ó jókòó síwájú, ó ń wo òkè ní gbogbo ìgbà. Kò pẹ́ tí omi pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lábẹ́ àwọn apẹ̀rẹ̀, ó rọra ń gba abẹ́ àga kọjá.

"Kí lèyí?" ni àlejò béèrè, ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Òógùn ayọ̀ ni, sà," ni Mùtíù dáhùn. "Tòmátì ń láàgùn nítorí ìdùnnú."

Fáṣínà gba máìkì. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ènìyàn fi ń sùn. Ó sọ̀rọ̀ lórí oṣù, ó sọ̀rọ̀ lórí ẹyẹ, ó ní ẹyẹ ti mọ àṣírí náà tipẹ́, wọn kò kàn fẹ́ sọ ni. Nígbà tó rí i pé àlejò ti wo aago ju bó ṣe yẹ lọ, ó ká agbádá rẹ̀ sórí èjìká.

"Ẹ̀rí ni ẹ fẹ́?" ó ké. "Èmi fúnra mi ni ẹ̀rí! Ẹ wo bí mo ṣe máa pẹ́ lókè tó!"

Ó fò.

Kí n má purọ́ fún yín, ó fò dáadáa fún ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó wà lókè yẹn, ó gbàgbọ́. Pátápátá ló gbàgbọ́. Ó rí orí àwọn ènìyàn lábẹ́ rẹ̀, ó rí Mùtíù tó ya ẹnu, ó sì rò pé òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láé. Ló bá balẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ṣe ìtàgé dún gbì! Ilẹ̀ mì. Apẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ti di ọbẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, rún wọlé. Èyí tó wà lórí rẹ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ògiri pupa náà ya wá síwájú.

Ah, ẹ̀yin ènìyàn mi! Tòmátì dà bí odò tó wó afárá. Ó gbá àga, ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbá akápò tó so ara rẹ̀ mọ́ òpó, bẹ́ẹ̀ ni akápò náà ń gbìyànjú láti já okùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀sì funfun àlejò pọ́n wẹ̀ láti ọrùn dé ilẹ̀, obìnrin kan rí i, ó ké pé, "Ẹ̀jẹ̀! Wọ́n ti pa á!" Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn mọ́. Gbogbo ọjà tú síta, sí inú oòrùn.

Fáṣínà nìkan ló kù. Ó ti jókòó sínú tòmátì, máìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ padà wá!" ó ń pariwo. "Ẹ̀ ń sá kúrò nínú ìfúyẹ́!" Ó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó tún jókòó. Ó tún gbìyànjú, ó tún jókòó. Ìgbà náà ló gbọ́ nǹkan kan lókè tó ń ké bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Aṣọ funfun ti ya lára òpó àárín. Ó rí bó ṣe tẹ̀ tó. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òpó náà kò kí òun rí.

"Mùtíù!" ó pè. "Mùtíù o!"

Mùtíù ti sá dé òdìkejì títì.

Alhaja Ajarat ló wọlé. Ó káṣọ sí orúnkún, ó ń fi tòmátì ṣe omi wẹ̀ bọ̀, góòlù rẹ̀ ń dún. Ó di ọrùn agbádá Ọ̀mọ̀wé mú.

"Ẹ gbéra ńlẹ̀!"

"Alhaja, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ sá! Irin yìí fẹ́ wó!"

"Mo rí i! Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ kú kí ẹ tó bẹ̀ mí! Ẹ gbé ẹsẹ̀!"

Ó fà á. Ó fà á lórí ọbẹ̀, lórí apẹ̀rẹ̀, lórí àga tó ṣẹ́, ó ń ké bí ẹni tó ń fa àpò ẹ̀wà. Àwọn alábàárù méjì tó wà níta rí i, wọ́n sáré wá gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kọjá gọ́tà nígbà tí òpó àárín kúnlẹ̀. Ìbòrí Ìfúyẹ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ariwo rẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ dúró lójú títì. Lẹ́yìn náà, eruku nìkan.

Kò pa ẹnì kankan. Bí apẹ̀rẹ̀ kò bá ti kọ́kọ́ wó lé wọn lórí tí wọ́n fi sá jáde, mi ò mọ iye ilé tí ẹkún ì bá ti dé lọ́jọ́ náà, ìtàn mi kò sì ní jẹ́ irú èyí.

Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ wúwo o," ó ní. "Há à. Ọkùnrin yìí, ẹ wúwo."

Fáṣínà ń wo àwọn obìnrin tó ń yí òkìtì irin náà ká. Ọ̀kan nínú wọn mú tòmátì kan tí kò bàjẹ́, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó wá ibi tó máa gbé e sí, kò rí.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ lè fojú inú rò ó. Wọ́n yọ ọ́ nípò kí agbádá rẹ̀ tó gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ní Kétu ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé Ọbẹ̀. Mùtíù lọ sórí rédíò, ó ní òun ti ń kìlọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òun ti sọ fún un léraléra pé òpó yẹn kò kí ẹnikẹ́ni; ó sì ti di akọ̀wé alága tuntun kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Fóònù Fáṣínà, tí kì í sinmi, dákẹ́. Ó ń jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀, ó ń kùn, ó ń to àwíjàre rẹ̀, nítorí ìgbìmọ̀ olùwádìí ti pè é.

"Mo máa sọ fún wọn pé àwọn wẹ́dà ni," ó ní fún ìyàwó rẹ̀. "Tàbí pé irin náà kò tíì nípọn tó. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí n fi ìpele kan sí i..."

Catherine ń fọ agbádá náà nínú báfù fún ìgbà kẹta. Pupa náà kò jáde. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó wá dúró síwájú ọkọ rẹ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọláṣùpọ̀," ó ní, orúkọ tí kò pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ, "mo rò pé o ti kú lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní irin ti wó lé ọ. Mo sáré láti ilé títí dé Mile 12, mi ò wọ bàtà."

Ó padà sídìí agbádá. Fáṣínà kò kùn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn kan ní Kétu. Ìyáàfin Adédiwúrà, adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ló ṣe alága rẹ̀. Gbogbo obìnrin ọjà Kájọlà ló wá, wọ́n kún orí àwọn bẹ́ǹṣì, wọ́n ti múra ẹ̀rín sílẹ̀ láti ilé. Mùtíù jẹ́rìí, ó sunkún. Àwọn wẹ́dà jẹ́rìí. Nígbà tó kan Fáṣínà, ó dìde, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò lásán, ó sì kéré ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ìyáàfin Adédiwúrà yọ awò ojú rẹ̀. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín, sà. Gbogbo ènìyàn tó wọlé síbí ló ti sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin ń kọ́? Kí ló wó òrùlé náà?"

Ẹ wò ó bí ìbéèrè náà ṣe há a mọ́. Bó bá ní ilẹ̀ ló fà á, ó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ di asán. Bó bá ní òfurufú ló tì í, wọn yóò bi í pé ta ló wá lọ to irin tó tó báyẹn sójú ọ̀nà òfurufú lórí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìdáhùn méjèèjì ló ti kọ́ sórí láti ilé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńláńlá tó yí wọn ká. Ó la ẹnu. Ó wo Mùtíù, Mùtíù ń wo ilẹ̀. Ó wo àwọn obìnrin.

"Mi ò mọ̀," ni Ọláṣùpọ̀ Fáṣínà wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ẹ̀rín tí wọ́n mú bọ̀, wọn kò rí i.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, sà," ni adájọ́ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n ni." Ó nu ojú. "Àwọn ìyá yìí sọ fún mi. Alhaja sọ fún mi nínú ọ́fíìsì mi. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú."

Ó dúró síbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó kúrò, kò sì mọ ibi tó yẹ kí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀ lọ. Alhaja Ajarat ló wá sún mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ǹṣì ké, ààyè díẹ̀ sì yọ láàárín àwọn alátòmátì.

"Ẹ wá jókòó, sà," ó ní. "Ẹ ti dúró pẹ́."

Ó lọ, ó jókòó láàárín wọn. Adájọ́ fi awò rẹ̀ sójú padà, ó sì pe ẹlẹ́rìí tó kàn.